Ọ̀gá Ẹlẹ́ja Inú Dígí

Ẹja dísíkọ́ọ̀sì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Symphysodon, jẹ́ ẹja inú omi tí kò níyọ̀, láti agbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ara rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, ó sì rí roboto. Tó bá dàgbà tán, ó máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Johann Jakob Heckel ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ọdún 1840, láti ara èyí tí Johann Natterer kó wá láti Brazil. Pellegrin, ará Faransé, fi irú mìíràn kún un ní 1904. Omi tó bí i lọ́wọ́ọ́rọ́, èròjà ilẹ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ní kíkan díẹ̀. Ó ń fẹ́ ooru ìwọ̀n 28 sí 30, ó ń fẹ́ ẹgbẹ́ tó tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, kò sì lè fara da ẹ̀gbin inú omi rárá. Ìdí nìyí tí pípààrọ̀ omi fi gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Apọnmi ni ẹni tó bá ń sin dísíkọ́ọ̀sì.

Ọ̀gá Ẹlẹ́ja ni ọkùnrin tó ra ẹja apọnmi kí ayé lè rí i pé òun ti kọjá omi pípọn.

A máa ń rí i ní Sakété àti Pobè ní ilẹ̀ Benin, nínú àwọn ilé tuntun tí kò jìnnà sí títì ọlọ́dà. Ó lè jẹ́ oníṣòwò tí ẹnubodè Igolo sọ di olówó, ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé Kútọnú tó ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ti Libreville dé. Iṣẹ́ kọ́ ni a fi ń dá a mọ̀. Sàló rẹ̀ ni. Àga aláwọ tí wọn kò tíì bọ́ ọ̀rá lára rẹ̀ wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n tó gba ògiri tán wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò tóun àti mínísítà kan jọ yà, èyí tí mínísítà náà ti ń wo ibòmíràn. Àpótí dígí ẹja ló kù.

Ibi tí a máa gbé àpótí sí ni iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Lítà omi kan wọn kílò kan. Àpótí tó gba 400 lítà ti di ẹrù 400 kílò kí a tó ka dígí, yanrìn àti òkúta mọ́ ọn. Ó yẹ kó dúró lórí tábìlì tó lágbára, lára ògiri tí oòrùn kì í dé. Ọ̀gá Ẹlẹ́ja gbé tirẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó ń bọ́ bàtà lè ti rí i kó tó wọlé. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ náà ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi á di aláwọ̀ ewé, ọ̀gá á sì máa sọ fún àlejò pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni odò Amazon ṣe rí.

Lẹ́yìn èyí ni omi. Kànga jìn lórí ilẹ̀ pupa Sakété, àmọ́ omi tó ń ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá kì í sábà ní èròjà púpọ̀, pH rẹ̀ kì í sì í sábà tó 7. Ká sọ òótọ́, omi tí àwọn ẹlẹ́ja ní ìlú òyìnbó ń fi ẹ̀rọ olówó ńlá ṣe ni ọ̀pọ̀ kànga wa ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ká kàn jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i dáadáa ló kù. Ọ̀gá Ẹlẹ́ja kò jẹ́ gbọ́ orúkọ kànga. Kànga ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, ìdí tó fi kọ̀ ọ́ nìyẹn. Omi ẹ̀rọ SONEB, ilé iṣẹ́ omi, ló fẹ́, kò sì ní sùúrù láti dá a sínú ọpọ́n tí a ṣí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí kílórínì inú rẹ̀ lè fò lọ. Àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ máa ń da omi inú ìgò sí i lójú àlejò, ìgò kan tẹ̀ lé òmíràn, láìmọ̀ pé omi tí èròjà ilẹ̀ kún inú rẹ̀ ni ẹja yìí ń sá fún.

Omi tuntun kì í gba ẹja lọ́jọ́ tí a dà á. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja máa ń di amóníà, májèlé sì ni. Bakitéríà kan ló máa ń sọ amóníà di nítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé, òmíràn á sì sọ nítíráìtì di nítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣèpalára bí a bá ń pààrọ̀ omi déédéé. Kí àwọn bakitéríà wọ̀nyí tó pọ̀ tó nínú ẹ̀rọ asẹ́mi, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọ̀gá Ẹlẹ́ja ń ṣílé lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n da omi sí àpótí, alẹ́ ọjọ́ náà ni ẹja sì wọ inú rẹ̀.

Ní ti ọ̀ṣọ́ inú omi, díẹ̀ ni dísíkọ́ọ̀sì ń fẹ́: yanrìn kíkúnná, gbòǹgbò igi tó ti kú tí a ti rẹ dáadáa, ewéko tó lè fara da ooru, àti àyè gbalasa níwájú tí ó ti lè lúwẹ̀ẹ́. Ewéko tó dára jù fún iṣẹ́ yìí kò jìnnà. Anubias barteri ń hù lára òkúta àti igi nínú odò igbó láti Nàìjíríà dé Kamẹrúùnù; Bolbitis heudelotii náà ń hù nínú odò ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń tà fún àwọn ẹlẹ́ja ní Jámánì. Ọ̀gá Ẹlẹ́ja ra ewé ọ̀rá aláwọ̀ osùn ní ọjà Dantokpa. Ó ra ilé olódi kékeré tí wọ́n fi píláásítà mọ, àti ọmọláńgidi amúwẹ̀ẹ́ tí ń ya ẹnu tú afẹ́fẹ́. Ó wá rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ sí Onigbolo, ní agbègbè Pobè, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, kó lọ kó òkúta funfun wá. Òkúta ẹfun ni òkúta yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ sínú omi tó sì ń lé kíkan rẹ̀ lọ, títí omi á fi dà bí èyí tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì. Ó ti kọ́lé fún ara rẹ̀ tán. Ó wá ń kọ́ òmíràn sórí ẹja.

Ẹja mẹ́wàá ni àpótí 400 lítà lè gbà lọ́nà ìrọ̀rùn, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fẹ́ tó 40 lítà tó bá dàgbà. Ọgbọ̀n ló rà. Ó ní láti Jámánì ni ọkọ̀ òfuurufú ti kó wọn wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Éṣíà ni wọ́n ti ń sin púpọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́jà. Ó kọ́ orúkọ Látìn rẹ̀ sórí, ó sì ń pè é fún gbogbo ẹni tó bá jókòó. Bàbá arúgbó kan láti ìlú Ọ̀họ̀rí lè fetí sílẹ̀ títí dé òpin, kó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé ó dùn lọ́bẹ̀?" Wọn kì í pe irú bàbá bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Tí ẹnì kan bá sì sọ pé Songhai, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1985, ń kọ́ni ní ẹja sínsìn, ọ̀gá á rẹ́rìn-ín: ẹja jíjẹ nìyẹn, iṣẹ́ àgbẹ̀ nìyẹn.

Kókó kan wà nípa dísíkọ́ọ̀sì tí Ọ̀gá Ẹlẹ́ja fẹ́ràn láti máa ṣàlàyé fún àlejò. Bí ẹyin bá pa, ara òbí ni àwọn ọmọ ti ń jẹun. Awọ ìyá àti ti baba máa ń sun omi ọ̀rinrin kan tó nípọn. Òun ni àwọn ọmọ ń jẹ fún ọjọ́ púpọ̀, baba àti ìyá á sì máa gbà wọ́n lọ́wọ́ ara wọn. Òótọ́ ni. Ojú ọ̀gá máa ń rọ tó bá ń sọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjìlá ń gbé omi kọjá.

Àwọn òbí ọmọ yìí fi í síbẹ̀ kó lè lọ sílé ìwé. Nínú àpótí bí èyí, ìdá kan nínú mẹ́ta omi tí a bá pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan lé ní 130 lítà, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì oní-20-lítà mẹ́fà ó lé, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan wọn 20 kílò, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́n omi ìdọ̀tí jáde. Ó yẹ ká ṣe é lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán lọ́sẹ̀, ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹja bá pọ̀. Ọwọ́ ọ̀gá kò kan omi náà rí. Ìgbà tí ẹ̀rọ SONEB bá dákẹ́, kànga tí ọ̀gá kórìíra ni ọmọ náà ń sáré lọ, ìgbà yẹn nìkan ni ara sì máa ń tu ẹja. Òfin 2006-04 tí Benin ṣe ní oṣù Kẹrin ọdún 2006 sọ bó ṣe yẹ kí a máa mú ọmọdé kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, ó sì fi ìyà lélẹ̀ fún òwò ọmọ. Ọ̀gá mọ òfin náà. Ó ti sọ̀rọ̀ lé e lórí níbi ìpàdé. Ẹja ń jẹ ọkàn màlúù tí wọ́n lọ̀ kúnná, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, àti ìgbà mìíràn sí i bí àlejò bá dé. Ọmọ náà ń jẹ èyí tó bá kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ẹja náà kì í pẹ́ kú, ọjọ́ ikú wọn sì ni a máa ń mọ Ọ̀gá Ẹlẹ́ja dáadáa. Kò ní sọ pé ẹja pọ̀ jù, kò ní sọ pé ọkàn màlúù ti rà sábẹ́ òkúta. Ọ̀rọ̀ méjì ló ní: "Kúráǹ ni." Á mí kanlẹ̀, á na ọwọ́ sí òpó iná tó wà níta, bí ẹni tó ń fi apànìyàn han adájọ́. SBEE, ilé iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná, mú iná lọ lóru, ẹ̀rọ asẹ́mi dúró, ẹja kú. Àwọn àlejò á ní ẹ kú ọ̀fọ̀.

Ó yẹ kí a yẹ ẹ̀sùn yìí wò. Òótọ́ ni pé iná máa ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sakété gan-an ni wáyà ńlá oní-330 kilovolt láti Ikeja West ní Nàìjíríà ti ń wọ Benin láti ọdún 2007. Ṣùgbọ́n omi 400 lítà kì í tutù lóru kan ní Pobè. Ọ̀gá ti gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí sàló, ó fi sí ìwọ̀n 18, ó sì ki ẹ̀rọ amómigbóná bọ inú àpótí kí ẹja má bàa gan. Ẹ̀rọ kan ń lé ooru jáde, èkejì ń san owó láti dá a padà, méjèèjì lórí mítà kan náà. Bí iná bá lọ, ooru ìlú á padà wọlé, á sì dúró sí nǹkan bí ìwọ̀n 29. Àsìkò tí kò sí iná yìí gan-an ni ooru ilé máa ń bá ẹja mu.

Afẹ́fẹ́ ni iná tó lọ ń gbà lọ́wọ́ ẹja. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn dúró tó omi tútù, bí ẹ̀rọ bá sì ti dúró, ẹja mẹ́wàá lè rí ilẹ̀ mọ́ níbi tí ọgbọ̀n kò ti ní rí i. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré oníbátìrì wà fún irú òru bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí, ẹnì kan lè máa fi igbá bu omi, kó máa dà á padà láti òkè. Ìyẹn gba pé kí ẹnì kan jí, kí ọwọ́ rẹ̀ sì tutù. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ amúnáwá ńlá lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń fà sọdá láti ibẹ̀, ti wọ́n. Bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń tan ẹ̀rọ náà fún.

Ọ̀wọ́ ẹja kejì tó rà kú ní òru tí iná tàn mọ́jú. Ilé gbogbo ló mọ̀. Nígbà tí wọ́n bi ọ̀gá, ó ronú díẹ̀, ó ní kúráǹ ti pọ̀ jù.

Ó ń lo àwáwí kan náà níbi gbogbo. Kúráǹ ni kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ yege nínú ìdánwò BEPC. Kúráǹ ni kò jẹ́ kí owó páànù tó ṣèlérí fún ilé ìwé abúlé tíì jáde. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kúráǹ kò ní ọwọ́ tó fi lè da ọgbọ̀n ẹja sínú omi ọjọ́ kan, kò sì lọ sí Onigbolo lọ kó òkúta.

Dísíkọ́ọ̀sì tó bá rí ìtọ́jú lè lo ọdún mẹ́wàá. Lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ẹlẹ́ja, àpótí kì í lò ju ọ̀wọ́ ẹja mẹ́ta lọ kó tó di títà, ẹlòmíràn tó jọ ọ́ ní ìlú kejì ló sì máa ń rà á; ti Sakété á tà á fún ti Pobè, á sì kìlọ̀ fún un kó ṣọ́ra fún kúráǹ. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú àpótí bẹ́ẹ̀, kó má wulẹ̀ bi olówó rẹ̀ léèrè ohunkóhun. Ọmọ tó ń pọn omi ni kó bi: iye ẹja tó kú, òru tí wọ́n kú, àti bóyá iná wà.