Háà! Dókítà Eyín Gbé Apá Rọ́bà Wá Gba Abẹ́rẹ́!

Ẹ wá jókòó, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ohun tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni, ní Biella, lápá àríwá Ítálì. Bàbá kan tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún wọ ibùdó tí wọ́n ti ń fún aráàlú ní abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà. Ó fọwọ́ sí ìwé, ó jókòó pẹ̀sẹ̀, ó na apá sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì dì í mú. Yéè! Apá tutù nini! Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó dà bíi gọ́ọ̀mù!

Ọmọlúàbí ni nọ́ọ̀sì yìí, àánú ló kọ́kọ́ ṣe é. Ó rò pé bàbá ti pàdánù apá kan, pé apá àtọwọ́dá ló ṣèèṣì nà sílẹ̀. Ó ní kó gbé èkejì wá. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Rọ́bà sílíkóónì ni bàbá gbé wọ̀, láti èjìká dé àyà! Ṣé ojú tì í? Ojú wo! Ńṣe ló ń bẹ obìnrin náà pé kó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Kó gún rọ́bà lábẹ́rẹ́, kó sì fún òun níwèé ẹ̀rí pé òun ti gba abẹ́rẹ́! Nọ́ọ̀sì kọ̀ jálẹ̀, ó fẹjọ́ sùn. Ẹ kú iṣẹ́, ìyá.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Ẹ mọ iṣẹ́ tí àgbàyà yìí ń ṣe? Dókítà eyín ni! Ẹni tí ń ki abẹ́rẹ́ bọ èrìgì ọmọ ọlọ́mọ ló ń sá fún abẹ́rẹ́ tirẹ̀! Wọ́n ti ní kó lọ rọ́kún nílé, torí láti oṣù Kẹrin ọdún yẹn ni ìjọba Ítálì ti sọ abẹ́rẹ́ àjẹsára yìí di dandan fún òṣìṣẹ́ ìlera. Ọ̀fẹ́ sì ni o, kò gba kọ́bọ̀! Èló wá ni bàbá ra àyà rọ́bà? Ta ló bá a dè é lẹ́yìn? Ṣé ó tiẹ̀ dúró níwájú dígí, ó ń yẹ ara rẹ̀ wò?

Ní àríwá Ítálì kan náà ni èyí ti ṣẹlẹ̀ o, níbi tí ọkọ̀ ológun ti ń kó pósí àwọn tí Kòrónà pa jáde ní Bergamo lóru, lóṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ibi tí wọ́n ti ń sun òkú kún àkúnya. Omijé àwọn olóòkú kò tíì gbẹ!

Ẹ má sì rò pé òun nìkan ni. Lóṣù Kejìlá náà, ọlọ́pàá mú nọ́ọ̀sì kan ní ìlú Palermo, ní Ítálì kan náà. Kámẹ́rà tí wọ́n fi pamọ́ ló tú u fó. Obìnrin náà á rọra tú oògùn dà sínú òwú, á wá fi abẹ́rẹ́ òfìfo gún oníbàárà rẹ̀. Oníbàárà ni mo pè é, torí owó ni wọ́n ń gbà! Wọ́n mú olórí àwọn tí ń tako abẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2022, ìlú Ancona náà gbé tirẹ̀ dé: nọ́ọ̀sì ọkùnrin ń da oògùn sínú garawa ìdọ̀tí, ó sì ń lẹ bándéèjì mọ́ apá tí abẹ́rẹ́ kò kàn. Bándéèjì! Lórí egbò wo? Bí àwọn oníbàárà yìí bá délé ńkọ́, ṣé wọ́n á máa fọwọ́ pa apá, wọ́n á ní ó ń ro àwọn?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàbá eléyín. Ó gorí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun kàn fi fẹ̀hónú hàn ni, pé òun ti lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀hún. Apá tí wọ́n bí i mọ́ ló sì gbé kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Èwo wá ni ti rọ́bà?