Ọ̀gbẹ́ni Ìkòkò-Kan

Kò sí àdúgbò kan nínú ìgboro Ìbàdàn tí a kò ti ní rí irú baálé ilé tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí: ọkùnrin tí ó mọ̀wé, tí ó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tí kì í jẹ gbèsè, tí kì í sì í bá aládùúgbò jà, ṣùgbọ́n tí ó gbà tọkàntọkàn pé gbogbo làálàá tí àwọn obìnrin ń ròyìn nípa ilé ìdáná kò ju ọ̀ràn ìkòkò kan ṣoṣo lọ. Ní àárọ̀ Sátidé kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, yóò wọ ṣòkòtò péńpé, yóò sì kéde pé kí ìyàwó òun lọ sinmi, nítorí pé òun ni yóò se oúnjẹ alẹ́: sìpàgẹ́tì àti adìẹ, nínú ìkòkò kan, kò sí wàhálà.

Kí a má purọ́ mọ́ oúnjẹ náà, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti bọ adìẹ pẹ̀lú àlùbọ́sà, iyọ̀, kọ́rì àti táìmù, tí a kó ẹran jáde, tí a sì dín ata rodo àti tàtàṣé lílọ̀ nínú òróró títí omi rẹ̀ fi gbẹ, omi ẹran ni a ó dà lé e, inú rẹ̀ ni a ó sì kó sìpàgẹ́tì sí ní gbígbẹ, kí omi ṣáà ti bò ó mọ́lẹ̀. A kò ní da omi kankan nù, nítorí pé ohun tí ó ń yọ́ lára sìpàgẹ́tì náà ni yóò mú ọbẹ̀ ki, tí ata yóò fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 12, ó ti jinná. Obìnrin tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tí ọmọ ń ké, yóò yin ẹni tí ó kọ́kọ́ rò ó.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa kò ti ibi iṣẹ́ dé, ọmọ kankan kò sì ké. Ọjà Bódìjà ni ó gbà lọ. Òótọ́ ni pé ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á, ṣùgbọ́n adìẹ tí ó tóbi jù tí owó rẹ̀ sì kéré jù ni ojú rẹ̀ ń wá, ó sì rí i: àgbà adìẹ tí ó ti yé ẹyin kọjá ọdún kan, tí itan rẹ̀ kò bá ti ọmọ adìẹ ẹlẹ́ran tí wọ́n ń pa ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 dọ́gba rárá. Ìyàwó rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀, ó dákẹ́. Ṣebí wọ́n ti ní kí ó lọ sinmi.

Ìsinmi ọ̀hún náà nìyí: “Ìyá Fẹ́mi, níbo lo ń fi iyọ̀ sí?” “Ìyá Fẹ́mi, ṣé gáàsì ti tán ni?” Fẹ́mi ń bó àlùbọ́sà, omijé ń dà lójú rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ń fọ ata, ọmọ aládùúgbò ti sáré lọ ra Maggi. Lóòótọ́, ìkòkò kan ni ó wà lórí iná, ẹnikẹ́ni kò lè jà á níyàn. Ti abọ́, asẹ́, páànù, ọ̀bẹ mẹ́ta àti ẹ̀rọ ìlọta tí ó kún bésìnnì ni kò sí ẹni tí ó kà á. Adìẹ ti bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí ẹran kò rọ̀, baba kó sìpàgẹ́tì lé e lórí, ó ní kí wọ́n jọ máa jinná pọ̀. Nígbà tí ẹran yóò fi gba eyín, sìpàgẹ́tì ti di àsáró. Ó ní bí àwọn ará Ítálì ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ítálì, kí Ọlọ́run dá wọn láre, kì í fẹ́ ẹ àfi bí ó bá ṣì le díẹ̀ lábẹ́ eyín.

Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí kí ó tó bù ú sáwo. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, wọ́n jẹ, wọ́n sì kì í: Àkànbí, ọmọ a-dáná-kí-àdúgbò-ó-gbọ́, ọmọ a-fi-ọjọ́-kan-sè-kí-wọ́n-fi-ọdún-kan-ròyìn! Èmi kò bá ọkùnrin tí ń dáná jà o. Mo mọ àwọn tí ń ṣe é tí a kì í gbóhùn wọn. Ìyá ọ̀gá wa pè láti ilé, ó ní kí wọ́n fún ìyàwó ní fóònù: “Orí rẹ gbè ọ́, ìyàwó mi. Ọkọ mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?” Obìnrin tí ó ti ń dáná lójoojúmọ́ láti ìgbà tí ó ti wọlé ọkọ, tí ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò ìkòkò rẹ̀ rí, fi èjìká di fóònù mú, ó ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò tí ó jóná. Ó ní, “Ẹ ṣé, mà.”

Inú ọ̀gá wa dùn débi pé ó ṣèlérí lójú gbogbo wọn pé ní Sátidé tí ń bọ̀, ìrẹsì ni òun yóò sè, nínú ìkòkò kan náà. Kò tíì pa ẹnu dé tí Fẹ́mi fi rántí pé àwọn ní ìdánrawò kọ́áyà lọ́jọ́ náà. Àbúrò rẹ̀ ní òun ní lẹ́sìnnì. Ìyá wọn sì ti ń wá aṣọ ẹgbẹ́ tí yóò wọ̀ lọ sí ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè.