Èmi Ni NEPA Ilé Mi

Ẹ bá mi gbọ́ o. Ẹ́jẹ́ńtì tó mú wa wo ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé yìí kò sọ̀rọ̀ omi, kò sọ̀rọ̀ òrùlé, kò dárúkọ ẹ̀fọn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́: "Báńdì A lẹ bọ́ sí o, ọ̀gá. Iná kì í lọ níbí!" Àyọ̀bọ́ la ti ń bọ̀, níbi tí àbíkẹ́yìn mi ti mọ "Up NEPA!" pè kó tó mọ "Dádì" pè. Ni mo bá kówó kalẹ̀: owó ilé lọ́tọ̀, àgírímẹ́ǹtì lọ́tọ̀, kọmíṣọ̀n lọ́tọ̀.

Ẹ́jẹ́ńtì kò parọ́. Iná kì í lọ. Owó ló ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bọ́ sí Báńdì A, ẹ jókòó kí n là yín lọ́yẹ. Àjọ NERC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ló tò wá ní báńdì báńdì: Báńdì A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Lóṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ ìjọba kúrò lórí àwọn ará A nìkan, tí yúnìtì kan tí wọ́n ń rà ní náírà 68 fi fò di náírà 225. Ariwo ta. Nínú oṣù karùn-ún, wọ́n dín in kù sí 206.80. Kí wọ́n tó dúpẹ́ tán, ó ti gun 209.50. Ẹ wá fi owó VAT, náírà 7.50 lórí ọgọ́rùn-ún náírà, lé e: náírà 225 náà ló tún ń jáde lápò mi. Ẹni tó ṣe ìṣirò yẹn mọ̀wé, n ò ní í bú u.

Bẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ni yúnìtì kan lè ṣe, ohun èlò tó ń jẹ wáàtì 1,000, wákàtí kan péré ló máa fi jẹ ẹ́ tán. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, yúnìtì bíi 22 ni. Ẹ tan ẹ́síì sí i, kò ní í rí ọ̀túnla.

Mítà gan-an wà lórí òpó níta, níbi tí ọwọ́ olè àti ọwọ́ ayálégbé kò ti lè tó o. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ oní-nọ́ńbà kan ni wọ́n so mọ́ ògiri pálọ̀. Ibẹ̀ la ti ń tẹ tókìn, nọ́ńbà 20. Ṣùgbọ́n ilé ti ṣófo nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo mítà yí padà kó tó di ọjọ́ 24, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, kò sì sẹ́ni tó bá wọn tẹ nọ́ńbà ìyípadà náà sí i. Tèmi wá di nọ́ńbà 20 àkọ́kọ́, nọ́ńbà 20 ìkejì, kí tókìn fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọgọ́ta nọ́ńbà! Mò ń pè é, àkọ́bí mi ń tẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ ń fi fóònù tànmọ́lẹ̀ sí wa. Ó ku nọ́ńbà mẹ́ta ká parí, ni ìyàwó mi bá ní ẹgbẹ̀rún mélòó ni mo san fún lẹ́sìnnì àwọn ọmọ. Mo ní, "Méje." Ọmọ sì tẹ méje. Mítà dún píì, ó kọ̀ ọ́.

Nígbà tó wá gbà á, ohun tó yọ lójú ẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí mo sanwó fún. Mo pe ilé iṣẹ́ tó ń pín iná. Arábìnrin kan fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn pé, "Gbèsè ló wà lórí mítà yín, sà. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa yọ ọ́." Gbèsè wo? Ti ẹni tó kó jáde. Èmi àti ọkùnrin yẹn ò pàdé rí. Ohun kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún mi nínú ilé náà ni ihò tó gbẹ́ sára ògiri yàrá fún ẹ́síì rẹ̀, páálí ni mo fi dí i. Atẹ́gùn tútù tó gba ihò yẹn fẹ́ sí i lára, èmi ni mò ń sanwó rẹ̀ báyìí, nínú ooru. Mo ní kí wọ́n lọ bá a níbi tó kó lọ. Arábìnrin náà ní, "Mítà la mọ̀, sà, a ò mọ èèyàn."

Iná pupa kan wà lára ẹ̀rọ ara ògiri yẹn tó máa ń ṣẹ́jú. Bí iná tí ẹ ń lò bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe yára tó. Bí ìyàwó mi bá ti ki áyọ́ọ̀nù bọ ara ògiri, ojú ẹ̀ á máa ṣẹ́ wéréwéré, àyà tèmi náà á máa bá a lù. Mo ti mọ ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú ilé yìí ju bí mo ṣe mọ ohun tí àwọn ọmọ ń jẹ lọ.

Bó ṣe di pé èmi ni mò ń mú iná lọ nìyẹn. Aago mẹ́wàá alẹ́, mo pa fíríìsà, ó di àárọ̀. Omi gbígbóná, ẹ gbé e ka gáàsì. Fáànù yàrá méjì kò gbọdọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kó ẹní jọ síbì kan. Bí mo bá sì tan iná padà, àwọn ọmọ á figbe ta, "Up Dádì!"

Èyí ló dùn mí jù. Ní Àyọ̀bọ́, bí iná bá lọ, gbogbo àdúgbò la jọ ń bú NEPA. Ìjọba ti yí orúkọ yẹn padà láti 2005, wọ́n ti ta àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún àwọn aládàáni ní 2013, síbẹ̀ èpè wa kò ṣìnà rí. A ó bú u, ara á tù wá, a ó sùn. Níbí, bí òkùnkùn bá ṣú, èmi ni ìyàwó mi ń wò.

Àwọn ará ìta kò sì mọ̀ pé ìyà ń jẹ wá. Báńdì D ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń gbé. Lálẹ́ Sátidé, ó gbé báàgì ńlá wọlé: gbogbo fóònù ilé rẹ̀, páwà-báńkì, àgbádá tí wọ́n ti ká mọ́lẹ̀ tipẹ́, àti áyọ́ọ̀nù tirẹ̀, èyí tó wúwo ti ayé àtijọ́. "Àna wa, ẹ̀yin lẹ ń jayé o!"

Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ibi tí mo wà nílẹ̀ yẹn ni mo ti sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un lọ ni."

Ó wo gílóòbù ilé kejì tó ń tàn yanran lójú fèrèsé wa. Ó gbé báàgì sílẹ̀.

"Àwọn ta ló mú un lọ?"