Ta Ló Kó Àlùbọ́sà Òyìnbó Sínú Fìríìjì?

Ẹ̀yin èèyàn mi, lẹ́tà yín ti pé jọ. Àǹtí Olódòdó ti jẹun yó, ó ti fi awò sójú. Ó yá.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé. Mo rí òdòdó hyacinth lọ́gbà ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ta sánsán débi pé mi ò fẹ́ padà sílé mọ́. Mo ra isu rẹ̀ 40. Ẹni tó tà á ní kí n kó o sínú fìríìjì títí di ìparí oṣù Kejìlá. Ọkọ mi ní kí n mú ọ̀kan, òdòdó tàbí ẹja. Ìyá rẹ̀ sì ń bọ̀ láti Ìbàdàn. — Onífìríìjì

Onífìríìjì, ẹni tó tà á fún ọ kò purọ́. Orí òkè Tọ́kì, Síríà àti Lẹ́bánónì ni hyacinth ti ṣẹ̀ wá, òtútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe ọyẹ́ tí à ń fi ìró kan ṣoṣo bora fún. Bí òdòdó bá yọjú nígbà tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀, ikú ló yọjú sí. Ìdí nìyẹn tí isu náà fi ń ka ọjọ́ òtútù kó tó gbà pé ilẹ̀ ti yá. Houston kò ní òtútù tó lè kà. (Ẹ̀yin tí omi dì nínú páìpù yín ní oṣù Kejì ọdún 2021, ẹ má bá mi jà, ọjọ́ díẹ̀ nìyẹn.) Èyí tí kò bá rí òtútù tó yóò kàn yọ orí kúkúrú sáàárín ewé, bí ẹni tó jẹ gbèsè tó ń yọjú wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Nítorí náà, a óò fi fìríìjì tan án jẹ. Kì í ṣe ibi tí yìnyín ti ń dì o. Ibi tó tutù níwọ̀n 4 sí 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni, fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 10, nínú àpò bébà tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá. Má fi sí ẹ̀gbẹ́ ápù tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gáàsì tí èso fi ń pọ́n máa ń pa ọmọ òdòdó sínú isu. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń di ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́nú àpò kó lè tètè pọ́n mọ gáàsì náà dáadáa, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọn kò bèèrè.

Ibo wá ni èso kì í sí? Fìríìjì àpọ́n! Àbúrò ọkọ rẹ tí kò tíì gbéyàwó ńkọ́? Omi ló wà nínú tirẹ̀, àti ìkòkò ọbẹ̀ tí ìwọ gan-an gbé fún un. Gbé ọbẹ̀ míì lọ, kí o rọra ti isu rẹ sínú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ní kí èèyàn máa kó ẹ̀fọ́ sí. Láti ọjọ́ tó ti ra fìríìjì yẹn, kò ṣí ibẹ̀ rí.

Bí Kérésì bá ti kọjá, gbé e jáde, kí o gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an. Ihò rẹ̀ kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Bó bá ti tanná tán, má sì retí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní Houston, aṣọ ẹbí ni hyacinth: a ná owó sí i, a wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Àǹtí, díákónẹ́ẹ̀sì ni mí ní Dallas. Mo gbin òdòdó paperwhite sínú abọ́ òkúta àti omi fún pẹpẹ ìjọ wa. Kò bèèrè fìríìjì, ṣùgbọ́n ó ga jù, ó ṣubú lu Bíbélì pásítọ̀ níbi tí ìwàásù ti wọra. Àwọn kan tún ní ó ń rùn. — Ìyá Ìjọ

Màmá, òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní indole wà nínú òórùn rẹ̀, ó wà nínú jasmine, ó sì wà nínú ìgbẹ́. Lórí àga kan náà, ẹnì kan á ní ọ̀run ló ṣí, ẹnìkejì á máa yẹ abẹ́ bàtà rẹ̀ wò. Ẹ gbé e sí ìhà ibi tí ẹni tó ń bá yín du ipò máa ń jókòó sí.

Ní ti gíga, ẹ fún un lọ́tí. N kò ṣàwàdà. Ní 2006, William Miller àti ẹnìkejì rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell fi hàn pé omi tó ní ọtí díẹ̀ nínú máa ń mú kí paperwhite kúrú ní ìdá kan nínú mẹ́ta, kódà tó ìdajì, òdòdó rẹ̀ kò sì ní dín. Ọtí kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi mu tẹ́rùn, ọ̀pá òdòdó ò sì ní ráyè nà. Bó bá ti hù tó sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ po jíìnì ife 1 mọ́ omi ife 7. Ẹ má lo bíà, ẹ má sì lo wáìnì ìdàpọ̀ tó ṣẹ́kù, ṣúgà inú wọn yóò bà á jẹ́.

Ta ni yóò ra jíìnì? Ẹ má rán ọ̀dọ́ ìjọ, wọn kì í ta á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21. Ẹ we gèlè yín tó ga jù, kí ẹ lọ fúnra yín. Bí ẹ bá pàdé ará ìjọ níbẹ̀, ẹ ní òdòdó ni ẹ rà á fún, kí ẹ wá bi òun náà léèrè òdòdó tirẹ̀. (Sípírítì ilé apòògùn, ife 1 sí omi ife 11, ń ṣiṣẹ́ kan náà. Ǹ bá ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gèlè yẹn wù mí í rí.)

Ẹ̀gbọ́n mi mú isu tulip wá fún mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó pé ọdún mẹ́ta tí mo ti gbìn ín sí Ìkẹjà. Mo ṣì ń bomi rin ín. — Onísùúrù

Onísùúrù, o kú ara fẹ́ra kù. Ó ti jẹrà tipẹ́. Ọ̀pọ̀ tulip kò tilẹ̀ ní òórùn kan títí. Wá isu tuberose, ọmọ Mẹ́síkò tí kò mọ òtútù lójú. Alẹ́ ló máa ń ta sánsán jù, nítorí náà, abẹ́ fèrèsé lándílọ́ọ̀dù ni kí o gbìn ín sí, pàápàá bí owó ilé bá ti ń sún mọ́lé.

Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé Houston ni. Mo rí àlùbọ́sà rẹpẹtẹ nínú fìríìjì ìyàwó ọmọ mi, mo sì gé méjì fún ọbẹ̀. Kò ta mí lójú, ọwọ́ ló ń yún mi. Ṣé kì í ṣe pé ọmọ yìí ti fi nǹkan dè mí? — Ìyá Ọkọ

Màmá, ẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ ná. Kò sí oògùn níbẹ̀. Ẹ rántí bí kókò ṣe máa ń yún yín bí ẹ bá ń bẹ ẹ́? Nǹkan kan náà ni, ohun wẹ́wẹ́ tó mú bí abẹ́rẹ́ ló wà lára isu hyacinth. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, ẹ má fi nu ojú. Èèyàn kì í jẹ ẹ́ o, ó ń fa èébì àti inú rírun. Bó bá ti wọnú ìkòkò, ẹ dà á nù tọbẹ̀ tẹran. Mo mọ̀ pé ti ẹran ló dùn yín.

Ní ti méjì tí ẹ gé, ẹ fi àlùbọ́sà ọjà méjì rọ́pò wọn nínú àpò, kí ẹ sì fa ojú ìwé yìí ya kí ìyàwó tó rí i. Ní oṣù Kẹta, 38 yóò máa ta sánsán, méjì yóò yọ ewé àlùbọ́sà. Bó bá bi yín, ẹ ní òtútù fìríìjì ni kò kárí.