Ìdí Ìkòkò Gbóná, Ata Ò Sí Nínú Ẹ̀

Àwọn àgbà ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn lọ́la, kó fara da ìnira lónìí, ohun tí wọ́n ń wí nìyẹn. Hítà báluwẹ̀ kò tíì dé láyé tiwọn. Bí wọ́n bá rí èyí tó wà nílé ọ̀pọ̀ ọlọ́lá Èkó àti Ìbàdàn, wọn ì bá tún òwe náà pa. Ìdí ìkòkò yìí gbóná láti òru mọ́jú, ó gbóná di ọ̀sán nígbà tí gbogbo ilé ti wà níbi iṣẹ́, kò sì sí ata kankan tó fẹ́ jẹ. Àpò bàálé ilé nìkan ni iná ń jó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, lọ sí ₦225 lórí yúníìtì kan. Kò tó ₦70 tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ó ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ₦209.50. Ni kálukú bá di ọlọ́pàá nílé ara rẹ̀.

"Ta ló fi gílóòbù ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ látàná?" Bàbá ló ń jágbe mọ́ ará ilé.

"Ẹ má bínú o, Dádì. Hítà yín náà wà lórí iná látọjọ́ Àìkú."

Kò sẹ́ni tó fèsì fún ọmọ náà. Òótọ́ ló kúkú sọ. Gílóòbù LED oníwáàtì 10 máa tàn fún wákàtí 100 gbáko kó tó jẹ yúníìtì kan. Hítà oníwáàtì 1,500 á jẹ tiẹ̀ tán láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń lé gílóòbù kiri, tó fi hítà sílẹ̀, eèrà ló ń lé nígbà tí ewúrẹ́ wà nídìí iṣu.

Ẹ jẹ́ ká fi ₦209.50 yẹn ṣírò rẹ̀. Omi ẹ̀rọ wa kì í sábà tutù ju 27°C lọ. Láti gbé omi lítà 15 kaná dé 40°C, èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìwẹ̀, iná tó máa lò kò tó ₦50. Àmọ́ hítà onílítà 50 tí wọ́n yí dé 70°C máa gba yúníìtì méjì ààbọ̀, owó tó lé ní ₦500, kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ sí báluwẹ̀. Lẹ́yìn náà ni onítọ̀hún á wá bu omi tútù là á, nítorí 70°C ń bó ara. Bí wọn ò bá sì pa á, omi á máa tutù, hítà á máa tún un gbé kaná, títí tí káàdì fi máa tán.

Ìyẹn kọ́ ló pa ni lẹ́rìn-ín jù. Ní 1891, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clarence Kemp ní ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ohun kan tó ṣe. Ó kun táńkì irin ní dúdú, ó tò wọ́n sínú àpótí, ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e sínú oòrùn, omi sì gbóná. Owó ló fi ń tà á. Lónìí, táńkì dúdú wà lórí òpó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé láti Ìkòròdú dé Ògbómọ̀ṣọ́, oòrùn ń pa á láti àárọ̀. Ẹni tó bá ṣí ẹ̀rọ omi ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ á fa ọwọ́ sẹ́yìn. Omi yẹn náà ni ọ̀gá fi ń wẹ̀ ní aago mẹ́fà, lẹ́yìn tó ti tan hítà fún wákàtí kan.

Ní Ísírẹ́lì, òfin ti wà láti 1980 pé kí ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn gbé omi kaná. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọdún kan wà tí yìnyín ń bọ́ ní Jerúsálẹ́mù.

Abiyamọ tuntun, arúgbó, ẹni tí ọyẹ́ ń mú lówùúrọ̀, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi omi tútù wẹ̀. Kí wọ́n tan hítà ní bí wákàtí kan lé díẹ̀ ṣáájú ìwẹ̀, kí wọ́n yí i sí 60°C, kí wọ́n sì pa á bí wọ́n bá ti ń wọlé wẹ̀. Kí ó má lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí kòkòrò àrùn fẹ́ràn omi tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú táńkì. Ẹni tó bá sì ní òun á torí owó sá lọ sídìí boiling ring, irin oníná tí wọ́n ń kì bọ omi, kó rántí pé ó ti pa àwọn tó ki ọwọ́ bọ omi kí wọ́n tó yọ ọ́ lára iná.

Kí ẹ tó tan hítà ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan omi ẹ̀rọ wò.