Bí Mo Ṣe Sọ Ìyàwó Mi Di Nǹkan Lójú Àna

Ẹnikẹ́ni ò rán mi níṣẹ́. Ọmọ wa tó ń kàwé ní Japan ló ní òun ti rí ọmọbìnrin tí òun fẹ́ fẹ́, àti pé àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ rí wa lórí fídíò. Ó ní òun á máa ṣe ògbufọ̀. Mo ní rárá. Èmi tí mo ń fi gègé jẹun, tí mo sì kọ́lé sí Arepo láàárín àwọn oníròyìn, ọmọ mi ni yóò wá máa bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àna? Mo wá olùkọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ra ìwé Minna no Nihongo, ó di ojú iṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ kìíní, ìkíni àti orúkọ ni. Mo fò ó já. Inú ẹ̀kọ́ kejì ni ẹsẹ̀ mi ti wọ inú ẹrọ̀fọ̀. Àwọn ará Japan pín nǹkan ayé sí mẹ́ta: èyí tó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni kore, èyí tó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbọ́ ni sore, èyí tó jìnnà sí àwọn méjèèjì ni are. Bí ẹ bá sì fẹ́ dárúkọ nǹkan ọ̀hún mọ́ ọn, kore á di kono, are á di ano, wọ́n á sì ṣáájú: kono hon, ìwé yìí. Àwa kì í fi "yìí" ṣáájú ìwé, ni mo bá ń pè é ní hon kono títí olùkọ́ fi dákẹ́.

Kò yẹ kó le fún Yorùbá rárá. Bí ẹnìkan bá bi mí pé "Kí nìyẹn lọ́wọ́ ẹ?", "Ìwé lèyí" ni mo máa wí. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ti bèèrè pé sore wa nan desu ka, èmi náà á rọ̀ mọ́ sore. Fídíò tún dá kún un. Mo gbé bírò sún mọ́ kámẹ́rà títí ó fi gba gbogbo ojú rẹ̀, mo wá rò pé ó ti dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ nìyẹn.

Mo gbé èdè Japan mi jáde sí àdúgbò. Mo na ọwọ́ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níwájú ìyá eléso, mo ní, "Kore." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ fẹ́ kórè, Dádì? Nínú oko ta ni?" Ọlọ́kadà bi mí níbi tí mò ń lọ, mo nàka sí ọ̀ọ́kán, mo ní asoko, ìyẹn ọ̀hún lọ́hùn-ún. Ó ní òun ò mọ ibẹ̀, ṣé ó kọjá Magboro ni àbí apá Warewa?

Ọjọ́ Àìkú la fàbọ̀ sí, aago kan ọ̀sán, nítorí wákàtí mẹ́jọ ni Japan fi ṣáájú wa. Wọ́n mú iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀. Ìyàwó mi we gèlè. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ìdí fèrèsé lọ́hùn-ún, ó ní òun ò fẹ́ kí kámẹ́rà rí eyín òun. Àwọn àna tẹríba. Èmi náà dọ̀bálẹ̀, àwa la kúkú wá tọrọ ọmọ, àfi bí mo ṣe pòórá kúrò lójú fídíò.

Nígbà tí mo dìde, mo di ọwọ́ ìyàwó mi mú. "Kore wa tsuma desu."

Kẹ́kẹ́ pa. Ìyá ọmọ ní, "Are?"

Mo mọ are dáadáa: ohun tó jìnnà sí wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bèèrè, àbí? Mo nàka sí ìdí fèrèsé. "Are wa ani desu!"

Bàbá ọmọ gbẹ́nu lé e. "Anō…"

Ano náà, mo mọ̀ ọ́n. Mo wẹ̀yìn, kò sí ẹlòmíì. "Anō…" Fíríìjì nìkan ló wà níbẹ̀. Mo sọ orúkọ rẹ̀ fún un: "Reizōko desu."

Ọmọ wa ti rẹ́rìn-ín kúrò lórí àga.

Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ó là mí lóye. "Are?" ni wọ́n ń ké bí nǹkan bá yà wọ́n lẹ́nu. Anō ni wọ́n ń fà bí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀, bí àwa ṣe ń fa "kiní ọ̀hún". Kore sì rèé, nǹkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń fi ènìyàn han ẹni iyì, kochira ni, tó túmọ̀ sí apá ìhín: ibi tí ẹni náà wà ni wọ́n ń tọ́ka sí, wọn ò ní nàka sí i fúnra rẹ̀. Irú ọgbọ́n tí àwa ń dá nìyẹn tí a bá ní "àwọn rèé" nígbà tó jẹ́ àgbà kan ṣoṣo ló dúró. Kochira wà nínú ẹ̀kọ́ kìíní, èyí tí mo fò já.

"Dádì," ìyàwó mi ní, "ṣé èmi ni kiní?"

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mọ ohun tí mo pe òun. Mo ní orúkọ oyè ni.

Láti ọjọ́ náà, ìwé ọ̀hún kúrò lọ́wọ́ mi, ó bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó ka ẹ̀kọ́ kìíní tán, ó ka ìkejì, ó tún bá olùkọ́ mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà tí àwọn àna tún pè, òun ló jókòó sí iwájú. Ó kí wọn, wọ́n ń mi orí. Ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbọ́n mi: "Kochira wa giri no ani desu." Ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé eyín, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó sì wò mí lójú kí n lè mọ̀ pé kò ṣèèṣì.

"Kore wa otto desu."