Èmi, Ọmọ Mẹ́ta àti Kóró Kajú Kan

Àìsàn kan wà tó máa ń ṣe àwọn òbí tó ń gbé Kútọnu. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi Àjíǹde, wọ́n á ní dandan ni kí ọmọ àwọn mọ oko. Àìsàn yẹn ló kọ lù mí lọ́dún náà. Ọmọ Manigri ni ìyàwó mi, àǹtí rẹ̀ kan sì ń gbé Bassila. Ọ̀dọ̀ àǹtí yìí la kọ́kọ́ sùn, kí á tó lọ kí ìyá ìyàwó mi. Títì ọlọ́dà ló so ìlú méjèèjì pọ̀, òun náà ló ti Savalou àti Bantè wá, tó ń lọ sí Djougou. Mọ́tò kì í pẹ́ lójú ọ̀nà yẹn rárá. Èmi ni mo ní ká fi ẹsẹ̀ rìn, ká sì gba inú oko.

"Pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta?" ni ìyàwó mi bi mí.

Mo ní nígbà ayé bàbá mi, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sílé ìwé, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí bàbá mi yìí, ẹ̀yìnkùlé wọn gan-an ni ilé ìwé rẹ̀ sì wà, àmọ́ ìyàwó mi kò bá mi jiyàn. Ó ní òun á wọ mọ́tò ṣáájú, kí òun lọ bá ìyá òun gún iyán. Ó yẹ kí n ti fura sí bó ṣe tètè gbà.

Àsìkò náà dára, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Ọyẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ oṣù gbẹ ilẹ̀ Donga, ṣùgbọ́n bí oṣù kẹrin bá wọlé tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, koríko á hù gba inú eérú ibi tí iná ti jó, máńgòrò á máa pọ́n, kajú pupa àti kajú olómi ọsàn á bo ilẹ̀ lábẹ́ igi. Kọ́múùnù Bassila fẹ̀ tó 5,661 kìlómítà níbùú lóròó, oko àti igbó ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ka iye yẹn sí àwọn ọmọ létí kí wọ́n lè mọyì ibi tí wọ́n wà. Ìdòwú, ọmọ ọdún mẹ́rin, bi mí pé ṣé gbogbo rẹ̀ la máa rìn.

Aṣọ funfun ni mo wọ̀ fún wọn. Ilé àna là ń lọ, ọjọ́ Jímọ̀ sì ni. Mo ra bàtà òjò fún Ìdòwú, mo rà á tóbi kó lè wọ̀ ọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Torí náà, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti lọ níwájú, bàtà á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn. Kí àwọn ìbejì lè yára, mo fi ẹdun tàn wọ́n. Kọ́múùnù yìí kan náà ni igbó Kikélé wà, igbó àbáláyé tí àwọn ará abúlé ń dáàbò bò, tí ẹdun sì ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó bá bí ìbejì mọ ohun tí ẹdun jẹ́ sí wọn. Mo sọ fún Táyé àti Kẹ́hìndé pé mọ̀lẹ́bí wọn wà nítòsí, mi ò wá fi kún un pé ọ̀nà tí à ń rìn kò dé Kikélé. Gbogbo ẹyẹ tó bá mi ewé lórí igi, wọ́n á dúró kí i.

Mo ti máa ń rò pé bí àgbà ṣe ń rìn lọmọdé ń rìn, pé ẹsẹ̀ ló kàn kúrú. Irọ́ ni. Ọmọdé kì í rìn lọ síbì kan. Ìdí nǹkan kan ló ń kúrò lọ sídìí nǹkan mìíràn, bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ni nǹkan kejì wà, ẹ̀yìn náà ló máa padà sí. Níbi òkìtì ọ̀gán àkọ́kọ́ tí a bá, òjò òru ti lé ẹ̀súnsún jáde. Àwọn ìbejì jókòó tì í. Wọ́n ń ṣa á, wọ́n ń já ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n ń rọ ọ́ sínú ike omi tó ti ṣófo. (Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ṣófo. Òrùlé Bassila ṣì wà lójú wa tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi mu omi tí mo ní yóò gbé wa dé Manigri tán.) Mo dẹ́rù bà wọ́n pé ẹdun á ti sùn ká tó dé. Kẹ́hìndé ní kó sùn, ó ṣáà máa jí.

Lẹ́yìn náà la pàdé àwọn ọmọkùnrin kan tó ń da màlúù. Ní Manigri, èdè tí wọ́n ń sọ kò jìnnà sí tiwa, òun náà ni wọ́n ń sọ ní Kambolé lápá Tógò. Ṣùgbọ́n Anii ni èdè onílé ní Bassila, n kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Mo fi Yorùbá béèrè ọ̀nà. Nígbà tí kò yé wọn, mo tún un sọ, mo gbé ohùn sókè, bí ẹni pé etí ló ń dùn wọ́n. Wọ́n nawọ́ sí òsì. Mo dúpẹ́, mo yà sí òsì. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé màlúù wọn kan tó ṣáko ni wọ́n ń bi mí léèrè.

Kò pẹ́ tí Ìdòwú fi jókòó sílẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ òun ti tán. Mo gbé e sí èjìká, ó ní òrùn ń pa òun. Mo gbé e sáyà, n kò rí ọ̀nà mọ́. Nígbà tí kò sí ọ̀já, mo bọ́ búbá mi, mo fi pọ̀n ọ́n, ó wá ku èmi àti síńgílẹ́ẹ̀tì. Báyìí la ṣe wọ oko kajú.

Àwọn ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, omi rẹ̀ ń ro sára aṣọ funfun, omi kajú kì í sì í jáde lára aṣọ. Táyé mú kóró kan dání, ó bi mí pé báwo ni kajú inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì ṣe ń jáde láti inú eléyìí. Bàbá tó bá gbọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà." Èmi ní, "Ó rọrùn," mo fi kóró sáàárín eyín, mo gé e.

Láti Brazil ni àwọn Potogí ti gbé igi kajú wá sí Áfíríkà. Inú èèpo kóró rẹ̀ ní òróró kan tó ń bó ènìyàn lára, tí wọ́n ń lò nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe bíréèkì mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yan án tàbí kí wọ́n sè é kí wọ́n tó fọ́ ọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó kóró kajú tútù jáde nílùú, kí fákítọ̀rì ilé lè máa ríṣẹ́ ṣe. Eyín ni èmi fẹ́ fi ṣe fákítọ̀rì tèmi.

Ètè mi ta mí, ó gbóná, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí nǹkan kan. "Ho hí hankan" ló jáde. Ìdòwú rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

Bí olóko ṣe bá wa nìyẹn. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin kan nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ètè rẹ̀ wú, ó pọn ọmọ, ìbejì méjì dúró tì í nínú aṣọ alámì, àpò ṣòkòtò wọn sì kún fún kóró kajú. Nínú oko kajú, ẹni tébi ń pa lè jẹ èso tó já bọ́. Kóró ni kò gbọdọ̀ mú lọ, torí kóró ni owó. Obìnrin náà kí mi. Mo dáhùn. Ó yíjú sí àwọn ọmọ.

"Kí ló ṣe bàbá yín?"

"Ó jẹ kajú, Màmá," ni Táyé wí.

"Tútù?"

"Ó ní ó rọrùn."

Ó bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n. Kẹ́hìndé dárúkọ ìyá ìyá wọn ní Manigri. Obìnrin náà dákẹ́, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àna wa nìyí?" N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo kó àwọn ọmọ sábẹ́ igi ẹmi ńlá kan, ó kígbe mọ́ mi pé ṣé mo fẹ́ kí àrá pa wọ́n ni. Ó fà wá wọ abà rẹ̀. Nínú abà yẹn ni mo ti gbọ́ pé òrùlé tí mo ń wò lọ́ọ̀ọ́kán, tí mo ti ń fi han àwọn ọmọ pé Manigri nìyẹn, Bassila ni. A ti fi gbogbo òwúrọ̀ yí ìlú po.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wá kó àpò kajú rẹ̀ ló gbé wa dé Manigri. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó mi, Ìdòwú ṣì wà lẹ́yìn mi, ó rò pé ẹṣin ni mo ń ṣe, ó ní kí n máa lọ. Wọ́n fi òrí pa ètè mi. Iyán dé, ọbẹ̀ rẹ̀ ta, àwọn ọmọ bá mi jẹ ẹran mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, olóko rán ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ sí wa. Ó ní àwọn ìbejì mọ kajú ṣà, kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́ títí ìsinmi yóò fi parí, owó wọn wà nílẹ̀. Ìyá ìyàwó mi béèrè bóyá kí bàbá wọn náà máa bọ̀. Ọkùnrin náà wò mí fìrí, ó ní wọn kò rán òun ní ti bàbá.